Kumba Tọrọ Àforíjì ní Ìbà

Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal ni wọ́n bí Kumba sí. Toheeb, ọmọ Ìbà, tó lọ ń tún fóònù ṣe níbẹ̀, ló fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n kó wálé, ọ̀dọ̀ ìyá Toheeb ni wọ́n dé sí. Yorùbá Kumba ò tíì já gaara, síbẹ̀ kò sí ohun tí kì í béèrè. Kí ló dé tí wọ́n ń pe Tabaski ní Iléyá? Kí ló dé tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fa àgbò tí wọ́n rà ní ọjà Alaba Rago jáde, kí àwọn àgbò náà lè máa kàn?

Lọ́jọ́ ọdún, bí wọ́n ṣe pa àgbò tán, Kumba yan ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lórí èédú, ó gé àlùbọ́sà sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú wò ó.

"Ata dà?"

"Kò sí ata, Màmá. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn."

Màmá tọ́ ọ wò. Wọ́n tún nawọ́ mú òmíràn.

Nírọ̀lẹ́, Kumba wọ aṣọ tuntun, ó kan ilẹ̀kùn Folúkẹ́, ìyá Ayọ̀dèjì, onígbàgbọ́ tó ń gbé yàrá kejì. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá Ayọ̀dèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Folúkẹ́ sún sẹ́yìn. "Kí lo ṣe fún mi, ìyàwó?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ kẹ̀?" Folúkẹ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ aṣọ tó sá sórí okùn wò. Kò sí èyí tó dín. Ló bá pariwo pe Toheeb.

Toheeb rẹ́rìn-ín. "Àṣà wọn ni, mà. Tí wọ́n bá ń ṣọdún yìí, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń tọrọ àforíjì. Èèyàn lè ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ kó má mọ̀."

Folúkẹ́ rò ó díẹ̀. "Ó dáa, mo dárí jì ẹ́. Àmọ́ tùràrí tó o máa ń jó yẹn, gbogbo èéfín rẹ̀ ló ń wọ yàrá mi. Ikọ́ ni mo máa ń wú mọ́jú."

Kumba lanu. Kò mọ̀ rárá. Ó ní ẹ̀yìnkùlé lòun á ti máa jó o.

Màmá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pè é.

"Kumba, nígbà tó o dé, mo sọ fáwọn àlejò mi pé ọmọ mi ò ríyàwó gidi fẹ́. O ò tíì gbọ́ Yorùbá nígbà yẹn."

"Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn, Màmá."

Màmá ò lè wò ó lójú. Kumba jókòó tì wọ́n. "Mo dárí jì yín. Kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa."

Màmá yíjú sí i.

"Àwọn ọmọdé ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ń ṣe ní Dakar nírọ̀lẹ́ ọdún?"

Kumba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń wọ aṣọ tuntun, tí wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé gba owó ọdún.