Bàtà Sìdí Lórí Ìdì Igi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì wó igi kan lulẹ̀ lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé ní Ìkìrun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ agégi dé, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké ramúramù. Ariwo yẹn ló jí mi, ṣùgbọ́n òórùn igi tó gba ojú fèrèsé wọlé ló gbé mi dìde. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi dà rú, mi ò sì tètè mọ ohun tó ń ṣe mí.

Mo jáde lọ wò wọ́n. Ẹ̀ka igi kún ilẹ̀, àwọn èèyàn kàn ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Mo ní kí ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ tí a jọ ń gbé ilé bá mi ṣẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wò mí títí. "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Gáàsì yín ò tíì tán o." Èmi pàápàá ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Inísà, igi tí ìjì wó ló da àárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn jù rú, mi ò sì tíì lóye rẹ̀ tán títí di òní.

Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀, Sìdí là ń pè é. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé, ìyẹn ìyá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìlọrin, tí wọ́n ń se irú tà. Ilé wọn ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí tiwa. Ọmọ tíṣà ni èmi, inú mi sì máa ń tètè ru. Bàbá mi máa ń sọ pé tí mo bá ń bínú, kí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lọ́nà. Sìdí ní tirẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín, kó tó wá mọ ohun tó ń rín. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wa, ẹ má wulẹ̀ wá èkejì lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ní ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ọkùnrin, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, sì ti wá láti Òkukù láti wá wẹ ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí má mọ̀ pé omi gbígbóná ni oògùn ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Àgbà máa ń ki aṣọ bọ omi tó ti hó, tí wọ́n á fi máa tẹ ikùn ìyá mi, tí ìyá mi á máa pe Jésù bí ẹni pé Ó wà ní ilé kejì. Ìjì ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ṣí páànù ilé ìdáná wa lọ, òjò sì pa gbogbo igi tó wà níbẹ̀. A dá iná, èéfín ló rú, omi ò gbóná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà pè mí. "Igi tó wà nílẹ̀ yìí ò lè se omi. Bí ìyá ẹ ò bá rí omi gbígbóná wẹ̀ lónìí, ara wọn ò ní balẹ̀ o. Lọ wá igi gbígbẹ wá, ọmọ mi."

Mo ti mọ ibi tí mò ń lọ. Igi àyìn ńlá kan wà lójú ọ̀nà Òkukù tó ti gbẹ lórí ìdúró láti bí ọdún méjì, ìjì àná ti fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Gbogbo ìlú ló sì mọ àyìn: iná rẹ̀ kì í tètè kú, ẹyín rẹ̀ á wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo pe Sìdí, ó gbé òṣùká, mo mú àdá àti okùn kànga wa, a gba ọ̀nà lọ. A ò tíì rìn jìnnà tí okùn bàtà mi fi já. Sìdí bọ́ tirẹ̀, ó tì í sí mi lẹ́sẹ̀. "Wọ̀ ọ́ jàre. Ẹsẹ̀ ẹ ò le, ọmọ tíṣà." Bàtà rọ́bà tó ti gbó ni, tí Bàbá Aránbàtà tó máa ń jókòó ní oríta ti fi awẹ́ táyà lẹ̀ nídìí, tí wọ́n fi okùn pupa rán an yíká. Mo wọ̀ ọ́, Sìdí ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán lórí òkúta wẹẹrẹ, ó ń kọrin.

Nígbà tí a débẹ̀, èrò ti pé. Bí àṣà wa ṣe rí nìyí: ìtì igi, ti onílẹ̀ ni, ẹ̀ka igi, ti ẹni tó bá tètè dé. Àwọn ọkùnrin ń fi àáké la ìtì náà, àwọn obìnrin ń ṣá ẹ̀ka, olúkúlùkù ń pariwo pé kí ẹnì kan má ṣẹ́ tòun. Ọwọ́ Sìdí yá ju tèmi lọ. Nígbà tó di ìwọ̀n tí orí rẹ̀ lè gbà, ojú ọ̀run ti ń ṣú, ó ní òun máa sáré gbé ti ìyá òun dé ilé. Èmi ò mọ̀wọ̀n ara mi. Mo ṣá, mo ṣá, mo fi okùn kànga wa tó ní kókó mẹ́ta di igi tí èèyàn bíi tèmi méjì ò lè gbé.

Ìwọ̀nba tí mo lè fà yọ ni mo gbé, mo sì ní láti fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà ayé wa, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ààlè lèèyàn máa fi sí i, àmì tí á fi hàn pé ohun tó wà nílẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín: àkísà, ṣúkù àgbàdo, àpáàdì, ohunkóhun. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹni tó bá fojú di ààlè, bí ohun tí wọ́n fi pa ààlè náà ṣe rí ni ayé rẹ̀ máa rí. Mo wá àkísà, mi ò rí. Mo bá bọ́ bàtà Sìdí ẹsẹ̀ kan, mo fi kọ́ orí igi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ kan lásán tiro lọ sílé, inú mi dùn pé mo gbọ́n.

Nígbà tí òjò dá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, èmi àti Ìyá Àgbà padà lọ gbé e. A ò bá igi. A ò bá bàtà. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Ẹ gbà mí o! Olè wo ló ń jí igi tó tún ń jí ààlè?" Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá rò. Mò ń ronú omi ìyá mi, mò ń ronú ohun tí mo máa sọ fún Sìdí nípa bàtà rẹ̀, mo sì tún ń ṣàánú olè náà, nítorí bí ayé rẹ̀ bá rí bíi bàtà, gbogbo ìlú ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, bí a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú bàtà ẹsẹ̀ kan tó kù, mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún Sìdí. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi jọ láti ilé. Ìyá Ìlọrin wà nínú yàrá, wọ́n ń kírun àìlà. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rí igi. Okùn kànga wa ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú kókó mẹ́ta. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí bàtà tí mo fi pa ààlè, ó dá jókòó síbẹ̀. Sìdí jáde, ó rí mi, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, ó ní, "Háà, mo ti ń…"

Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Olè! Sìdí, olè ni ẹ́!"

Mo pariwo rẹ̀ débi pé àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lẹ́bàá kànga yíjú padà. Ẹnu Sìdí ṣì wà ní lílà. Ó wo igi, ó wò mí, ó wá rọra pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ju bàtà náà sílẹ̀, mo sáré lọ sílé.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, Sìdí ru igi dé ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bọ̀, lẹ́sẹ̀ lásán, kò wo ojú mi. Nígbà tó rù ú tán, ó ká okùn wa dáadáa, ó fi lé e lórí, ó lọ. Ìgbà yẹn ni nǹkan wá dà rú mọ́ mi lójú jù. Olè wo ló ń ká okùn fún olóhun? Mo lọ sọ fún Ìyá Àgbà tó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, mo rò pé wọ́n máa yìn mí. Wọn ò gbójú sókè.

"Ṣé o bi í?"

"Kí ni kí n bi í, mà?"

"Bí igi ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn."

Mo ní mi ò bi í. Wọ́n ní, "Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn ni. Ìwọ ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan."

Omi gbóná lọ́jọ́ náà. Ìyá mi wẹ̀, wọ́n sùn dáadáa. Èmi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Tuesday ni Bàbá Aránbàtà gbé bàtà mi tí okùn rẹ̀ já, tí a ti fún wọn tún ṣe, wá fún mi. Wọn ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn tí wọ́n fi ń bá mi wí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣe máa ń fi igi gidi sílẹ̀ fún òjò? Bí kì í bá ṣe pé mo ti oko bọ̀, tí mo rí bàtà Sìdí lórí ẹ̀ ni! Ṣé ẹnì kan lè ṣàìmọ iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ ni? Mo ní Ìyá Ìlọrin ti dàgbà, irú wọn ń dúró de igi, ni mo bá gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo já a sílé fún wọn. Sìdí ò tiẹ̀ sí nílé." Wọ́n fẹsẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ, inú wọn dùn sí oore tí wọ́n ṣe.

Ìyá Àgbà fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ìlọrin. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo ní mo jẹ̀bi. Ìyá Ìlọrin ní, "Ó ti tán, ọmọdé ni yín. Dìde." Sìdí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò irú. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó yíjú padà sí ìkòkò. A ṣì jọ ń lọ sí ilé ìwé, ó ṣì ń kí mi bí a bá pàdé, ṣùgbọ́n kò wá pè mí lọ sóko igi mọ́. Nígbà tí a gba ìsinmi, ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìbàdàn, kó lọ máa kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Ohun tí mi ò lóye rí ni ọ̀rọ̀ tí mo gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni bàtà òun wà, ó ní láti mọ̀ pé igi mi ni. Ṣé ó fẹ́ ní kí n wá gbé e ni? Àbí ó rò pé mo fi ta ìyá òun lọ́rẹ ni, ó fẹ́ dúpẹ́? Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀. Ayé sì ti yí padà. Bí ẹ bá fi bàtà lé ẹrù lórí lójú ọ̀nà lónìí, ẹrù á lọ, bàtà á tẹ̀ lé e, kò sì ní jẹ́ nítorí oore. Àgádágodo la fi ń pa ààlè báyìí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí èèyàn bá pe ọmọ ẹlòmíràn ní gbangba, bó ṣe rí láyé ọjọ́un náà ló rí: ó yá láti sọ, kò ṣeé kó padà.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo pàdé Sìdí ní ibùdókọ̀ Ìkìrun níbí, ó ń lọ sí Òṣogbo, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. A dì mọ́ra, a bi ara wa léèrè ọmọ àti ilé. Mi ò lè mú un mọ́ra, mo bi í pé, "Sìdí, lọ́jọ́ Sunday yẹn, kí lo fẹ́ sọ?"

Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. Ó ní, "Mi ò rántí mọ́, wàláhì. Ṣùgbọ́n mo rántí pé inú mi dùn nígbà tí mo rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà."

Ọkọ̀ rẹ̀ ti kún, ó wọlé. Mo dúró síbẹ̀, mò ń juwọ́ sí i, inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí, àfi ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tí kò béèrè.