Àtàǹpàkò Mi àti Ìwé Oògùn Tàńtí Rosine

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Tàńtí Rosine kú. Ọjọ́bọ̀ la sin ín. Ní ọjọ́ Ẹtì, fóònù rẹ̀ dún lórí bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó sí. Ìyá àgbà ní kí n wò ó. Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ rèé: "Màdáàmù, a rán yín létí pé ìpàdé kọmité wa máa wáyé ní Kùtọnu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́ dé."

Ẹ má pẹ́ dé. Ẹni tí a ti fi ilẹ̀ pupa Kpoulou bò mọ́lẹ̀ láti àná ni wọ́n ń sọ fún pé kó má pẹ́ dé.

Ìyá àgbà bi mí pé ta ni. Mo ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mi ò sì rò pé irọ́ ni mo pa.

Tiwalọpẹ́ lorúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún kẹta ní kọlẹ́ẹ̀jì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ẹ má retí èdè àwọn lọ́yà lọ́wọ́ mi. Inú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí ni mo ń kọ eléyìí sí, ìwé tí mo lè gbá ọmọ ìyá mi létí nítorí ẹ̀ tó bá fọwọ́ kàn án. Àmọ́ tí mo bá parí ojú ewé yìí, màá fà á ya, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mẹ́ẹ̀rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní Adja-Ouèrè. Gbogbo ayé ti ka ti Tàńtí mi. Ẹ wá ka tèmi náà.

Àbúrò ìyá mi ni Tàńtí Rosine. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kékeré tó wà ní Kpoulou, abúlé wa. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n, òun náà ló ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn. Àìsàn kan sì wà tí wọ́n ń gba oògùn ẹ̀ lóṣooṣù, tí àwọn èèyàn máa ń sọ orúkọ ẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbí. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé.

Nílé wa, a kì í pe orúkọ ẹni tó ń ṣàìsàn síta. Ìyá àgbà sọ pé àìsàn ní etí. Tó bá gbọ́ orúkọ, á mọ ilé tó máa padà wá. Nígbà tí ibà gbé mi dálẹ̀ ní kékeré, "Ìkòkò" ni gbogbo ilé ń pè mí títí mo fi dìde. Àṣà yìí ni Tàńtí gbé lọ síbi iṣẹ́. Kò kọ orúkọ sára ìwé oògùn kankan. Àwòrán ló ń yà síwájú ìwé náà: ọkọ́, akèrègbè, àkùkọ, igi ọ̀pẹ. Orúkọ àwọn tó ni àwòrán wà nínú ìwé kan ṣoṣo, ìwé náà wà nínú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà ní ṣóńṣó ìró rẹ̀. Ó máa ń so ó mọ́bẹ̀ tó bá ń wẹ̀, tó bá ń sùn, tó bá lọ gba kọmúnyọ́ọ̀nù.

Bàbá kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó máa ń bá a jà lóṣooṣù.

"Rosine, kí ló dé tó o fi èmi ṣe ìjàpá?"

"Bàbá, ẹ wo bí ẹ ṣe pẹ́ dé. Ẹranko wo ni kí n tún yà fún yín?"

"Fún mi ní ẹkùn."

"Ẹkùn ti ní ẹni tó ni ín."

"Ta ló ni ín?"

"Bàbá, tí mo bá sọ ìyẹn, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé mo lè sọ tiyín."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á gba oògùn rẹ̀. "Ọmọ yìí," á ní, "ẹnu rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ bí àpótí rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọ̀jọ̀gbọ́n wo lẹ tún ń wá?

Torí ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ọdún tó kọjá, kété tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, wọ́n kó wa jọ sábẹ́ àtíbàbà lọ́gbà mẹ́ẹ̀rì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùsíọ̀ Armand dé láti Kùtọnu, bàtà rẹ̀ ń dán, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí nínú ẹrẹ̀. Ó ní ìjọba ń dá kọmité kan sílẹ̀ tó máa máa gbà á nímọ̀ràn, kí àṣírí ará ìlú má bàa máa tú síta: orúkọ wọn, fọ́tò wọn, àìsàn wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá ti kó sínú ẹ̀rọ. Ó ní àwọn ń wá àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, tí wọ́n á yọ̀ǹda ara wọn láìgba nǹkan kan.

"Iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ nìkan la mọ̀ dunjú níbí o!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan wá ní, "Ẹ mú Rosine. Ó mọ àṣírí gbogbo wa, a ò sì tíì gbọ́ ẹyọ kan."

Mùsíọ̀ Armand bá wa dé ilé ìwòsàn. Ó wo àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Màdáàmù," ó ní, "ẹ̀yin gan-an la ń wá." Èmi ò rí inú Tàńtí kó dùn tó ti ọjọ́ yẹn rí. Ó ń kọrin nídìí àwo tó ń fọ̀. Ó ní, "Tiwa, ṣé o gbọ́? Wọ́n ní kí n wá kọ́ ìjọba bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà, èmi ni mo sì mọ fóònù lò jù. Wọ́n ní kó fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá jẹ́ ìwé aláìsàn, kò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i. Tàńtí ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dáa," ó ní. "Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mi ò lè tọrọ ti ẹnikẹ́ni. Tèmi ni màá fi ránṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀. Ó fa ìwé oògùn kan yọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ìgbín ló wà níwájú ẹ̀.

"Tàńtí, ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ṣé mo jọ òkú lójú ẹ ni?"

"Rárá o."

"Ìdí tí mo fi ń lé wọn kiri pé kí wọ́n wá gba tiwọn nìyẹn. Ó yá, fi fóònù yà á. Fi àtàǹpàkò rẹ bo orúkọ oògùn tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ìgbín nìkan ni kí wọ́n rí."

Ohun tí mo ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ báyìí.

Mo ń bínú lọ́jọ́ yẹn. Nádẹ́ẹ̀jì ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ayẹyẹ ní Pobè, Tàńtí ní mi ò ní lọ. Mo fi àtàǹpàkò bo orúkọ oògùn náà, mo yà á. Fọ́tò náà burẹ́wà. Ìka mi rí gbàǹgbà bí iṣu, ẹrẹ̀ wà ní èékánná. Ojú tì mí pé àwọn ará Kùtọnu máa rí i. Mo mú ìka mi kúrò, mo tún un yà. Èyí tó mọ́ ni mo fi ránṣẹ́, orúkọ oògùn ń dán níbẹ̀ bí omi òjò nínú agbada. Lábẹ́ rẹ̀, Tàńtí ní kí n kọ ọ́ pé: "Èmi Rosine ni mo ni ìwé yìí, mo sì fọwọ́ sí i." Mi ò sọ fún un pé mo ti mú ìka kúrò. Mo rò ó pé, ta ló máa rí i? Àwọn tó ń ṣọ́ àṣírí náà ni. Ṣé ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣọ́ oko ló máa wa iṣu?

Wọ́n mú un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sí Kùtọnu, ó jókòó lópin tábìlì pẹ̀lú àwọn tó ka ìwé ní Faransé. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ó wọ lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó gbé orí sókè.

Nígbà tó yá, kọmité náà fẹ́ fi han ayé pé àwọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n gbé orúkọ àwọn tí wọ́n mú sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sì gbé gbogbo ìwé tí olúkálùkù fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ orúkọ, gbogbo ẹrù inú ilé á ṣí sílẹ̀. Kọmité tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn, kò ti tiẹ̀! Obìnrin tí kò kàwé kọjá ọdún mẹ́fà tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kan fún ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sọ ọ́ nù lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní yàrá tútù ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú ló dé orí Wátsáàpù àwọn ọ̀dọ́ Adja-Ouèrè. "Ẹ wá wo ọ̀jọ̀gbọ́n wa o," ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀, ó fi ìgbín tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọjọ́ ọjà fi máa pé, kò sẹ́ni tó bu gààrì tí Tàńtí ń tà tọ́ wò mọ́.

Tàńtí pe Mùsíọ̀ Armand. Ó jẹ́ kí n gbọ́.

"Màdáàmù, àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Ẹ ní sùúrù."

"Mùsíọ̀ Armand, ẹ̀rọ kì í dìde fúnra ẹ̀ lọ ṣílẹ̀kùn. Ta ló ṣí i?"

"A ti kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó o. Ẹ ní sùúrù, Màdáàmù."

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni fọ́tò náà fi wà níta.

Ó wo fọ́tò náà lórí fóònù, ó rí i pé kò sí ìka níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo ní ó máa nà mí. Ó kàn mú ọwọ́ mi, ó yẹ àtàǹpàkò náà wò, ó ní, "Gé èékánná rẹ." Kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú. Ó sàn kó nà mí.

Kì í ṣe ojútì ló pa á. Ẹ gbọ́ ohun tó pa á. Lọ́jọ́ oògùn, bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ṣófo. Ìjàpá ò wá. Àkùkọ ò wá. Wọ́n ní tí ti Rosine bá lè jáde, tiwọn ń bọ̀ lọ́nà. Ó bá mú ọ̀nà pọ̀n, ó ń bá wọn lọ sóko títí dé Massè, ó gbé oògùn wọn sábẹ́ ẹ̀gẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Bàbá tó ni ìjàpá yẹn wà lábẹ́ ọ̀pẹ rẹ̀.

"Rosine, ṣé òótọ́ lohun tí wọ́n ń gbé kiri?"

"Àpẹẹrẹ lásán ni mo yà fún wọn, Bàbá. Ṣé ẹ ti rí mi kí n máa gba oògùn rí?"

"Rárá."

"Ó yá, ẹ gba tiyín."

Wọ́n gbà á gbọ́. Díẹ̀díẹ̀, bẹ́ǹṣì kún padà. Àmọ́ kí irọ́ náà lè dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí i nídìí oògùn. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ; ní báyìí, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó gbìyànjú láti lọ gbà á ní Pobè. Ó bá ará Massè mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ibẹ̀, ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun padà. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Tàńtí, ẹ jẹ́ kí n lọ gbà á fún yín."

"Kí wọ́n wá máa yà ẹ́ ní ìgbín?"

Ó gbẹ bí pòròpórò àgbàdo. Mo ń rí i. Gbogbo wa ń rí i. Oògùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé òun ló ń nu eruku rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn kan wá tí ẹbí wa ò mọ̀, wọ́n sunkún ju ẹbí lọ. Mo mọ ìdí. Bàbá yẹn dé nígbà tí a ti kó ṣọ́bìrì. Ó dúró lórí ilẹ̀ náà, ó ṣí fìlà. "Rosine, mo tún pẹ́ dé," ó ní.

Kùtọnu ò rán ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo rí nǹkan lórí ògiri mẹ́ẹ̀rì lánàá. Páálí ńlá kan ni, wọ́n tún ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn sínú kọmité náà. Ìgbín ló wà lórí rẹ̀! Ìgbín Tàńtí mi, bó ṣe yà á gan-an, pẹ̀lú ìwo rẹ̀ tó kúrú lápá kan. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àṣírí yín wà lọ́wọ́ wa." Ó wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́. Àyè ẹni tó kú náà sì ni ẹ ń wá ẹni tó máa dí.

Ẹ̀gbẹ́ páálí yẹn gẹ́lẹ́ ni mo máa lẹ ìwé mi mọ́. Ẹ yọ ìgbín yẹn kúrò. Ẹ ò bi ẹni tó ni ín kẹ́ ẹ tó lò ó, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ òfin ìfọwọ́sí. Ẹ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ mú pé ẹni tó ṣáájú wọn ti kú, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó pa á. Ẹ má sọ pé ẹ̀rọ ni. Ẹnì kan ló tẹ ibì kan. Ó lórúkọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ mú un wá sí Kpoulou, kó jókòó níwájú ìyá Rosine, kó sọ ọ́ fún un lójú.

Èmi ti dárúkọ tèmi. Àtàǹpàkò ọ̀tún tí mo mú kúrò lórí ìwé náà rèé, mo ti fi dúdú ìdí ìkòkò tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹni kejì ló kù.

Ìyá àgbà ti gbé bẹ́ǹṣì síta láti àárọ̀. Ẹ má pẹ́ dé.