Àárọ̀ Tí Màmá Kò Mọ̀ Mí

Òórùn sípíríìtì ló máa ń jí mi láràárọ̀ nílé wa ní Kabala Doki. Kí n tó la ojú, n ó ti máa gbọ́ bí abẹ́rẹ́ onígíláàsì ṣe ń lu ara ìkòkò kékeré tí Màmá fi ń sè é lórí sítóòfù, kín-kín-kín, bí ẹni ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni òórùn yẹn yóò dé, yóò dàpọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́ àti òórùn kósáì, àkàrà àwọn Háúsá, tí wọ́n ń dín ní ìkóríta. Títí di òní, bí nọ́ọ̀sì bá fi òwú olómi yẹn nu apá mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo máa ń dà.

Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe Màmá. Tíṣà ni, ọmọ Okun tó bá ọkọ wá sí Kàdúná. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. A kò ní fíríìjì nígbà náà, nítorí náà inú ìkòkò amọ̀ olómi ni ìgò ínsúlínì ń gbé, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú okùn lọ́rùn bí ewúrẹ́. Èmi ni mo máa ń fà á jáde. Màmá kò fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ fún mi. "Bí o bá rí i tí mò ń làágùn láìsí ooru," ó máa ń wí, "tí ọ̀rọ̀ mi kò bá lórí, ṣúgà ni kí o wá fún mi. Má dúró bi mí." Ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó sọ di òwe nínú ilé wa: "Abẹ́rẹ́ kì í dúró de oúnjẹ, oúnjẹ ni kó dúró de abẹ́rẹ́."

Ní Sátidé kan, oúnjẹ kò dúró. Kẹrosíìnì tán nínú sítóòfù lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ hó tán, kò sì sí èyí tí a ó fi se ògì. Bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá sì ti gún abẹ́rẹ́. Ó rán mi lọ ra kósáì, ó fa káàdì èsì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ́dọ̀, ó ní òun ó ti kọ bíi mélòó kan kí n tó dé. Ní ìkóríta, èrò pọ̀ nídìí agbada. Mo bá àwọn ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣeré, mo sì dara pọ̀ mọ́ wọn. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kósáì ti tutù lọ́wọ́ mi nígbà tí mo délé.

Màmá ṣì ń kọ̀wé. Ìkọ̀wé Màmá máa ń dúró ṣánṣán lórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìtò. Lọ́jọ́ náà, yíǹkì pupa ti kúrò lórí káàdì, ó ti gba orí tábìlì lọ. Òtútù ọyẹ́ ń já wa ní ètè, síbẹ̀ aṣọ Màmá ti rin fún òógùn.

Mo sáré po ṣúgà sínú omi. "Màmá, ẹ mu ún."

Ó wò mí bí ẹni wo àlejò. "Ta ni ọ́? Ta ló rán ọ sí mi?" Ó gbá ife náà dànù. Kí n tó po òmíràn, ó ti ṣubú, gìrì sì mú un, gbogbo ara rẹ̀ ń jà pìtìpìtì lórí sìmẹ́ńtì.

Igbe mi ló gbé Ìyá Ṣadé, alábàágbé wa, jáde. "Yéè, wárápá ni! Ẹ má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀! Ẹ mú síbí wá, ká fi là á lẹ́nu!" Ó ti ń ti síbí náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ohùn kan ké lẹ́yìn wa: "Kada ki sa mata komai a baki!" Ó ní kí Ìyá Ṣadé má ṣe fi nǹkan kan sí Màmá lẹ́nu.

Mama Halima ni, ìyàwó Háúsá tó ń gbé ilé kejì. Eléhàá ni. Láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, orí ògiri nìkan ni òun àti Màmá ti ń kíra. N kò rí i rí kí ó jáde ní ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀, ó gbá síbí dànù, ó dá Màmá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ó sì ká ìborí ara rẹ̀ sábẹ́ orí Màmá. Nígbà tí gìrì dáwọ́ dúró tí Màmá kò sì jí, ọkọ Mama Halima kò sí nílé tí ì bá fún un láṣẹ àtijáde. Ó fa gèlè Màmá kan lórí okùn, ó fi bo orí, ó jáde sí títì, ó sì na ọwọ́ dá takisí dúró.

Nílé ìwòsàn, ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ń sọ pé ibà ló gun Màmá lórí. Nọ́ọ̀sì bi Mama Halima ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò mọ àìsàn tó ń ṣe Màmá, ó kàn ń mi orí. Èmi ni mo dáhùn: "Ciwon sukari gare ta. Ta yi allura, ba ta ci abinci ba." Àtọ̀gbẹ ni, ó gún abẹ́rẹ́, kò jẹun. Nọ́ọ̀sì náà wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì sáré. Wọ́n gún Màmá nínú ìka kí wọ́n fi wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá iṣan lápá rẹ̀, wọ́n ń ti omi ṣúgà wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọn kò tíì tì í tán tí ojú Màmá fi là.

"Fúnmi," ó wí. "Kí ló dé tí o kò wọ bàtà?"

Ìgbà náà ni mo tó sunkún. Mo jẹ́wọ́ eré tí mo lọ ṣe. Màmá fi ọwọ́ tí kò ní agbára fà mí mọ́ra. "Èmi àgbà ni mo gún abẹ́rẹ́ láìrí oúnjẹ. Ìwọ ọmọdé ṣeré. Ta ló jẹ̀bi nínú wa?"

Nígbà tí ọkọ Mama Halima dé, tí ó gbọ́ pé aya òun jáde, ẹ̀rù ba gbogbo wa. Ohun tó sọ kò ju pé Ọlọ́run ló rán an níṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwo oúnjẹ Mama Halima máa ń gba orí ògiri wá kí Màmá tó kan abẹ́rẹ́.

Màmá tún lo ọdún púpọ̀ láyé. Àtọ̀gbẹ náà ti wá ń bá èmi gbé ní Barnawa, ní Kàdúná níbí, mo sì ti dàgbà ju Màmá ọjọ́ yẹn lọ. Àwọn ọmọ mi ń pè láti Èkó àti Àbújá, wọ́n ń bèèrè iye tí ṣúgà mi jẹ́, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ojú mi bí mo ti mọ ojú Màmá. Bí ara mi bá ń gbọ̀n, tí mo ti mu ohun dídùn, tí mo jókòó kí orí mi padà wálẹ̀, àárò rẹ̀ ló máa ń sọ mí. Mo máa ń ṣe ìlara ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé kò ju pé ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ sì padà mọ̀ ọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí. Èmi tí mo gbọ́n jù ú lọ, kò sí ilé ìwòsàn tí mo lè gbé àárò yìí lọ.