Olóòtú Gáréèjì àti Ojú Ìwé Keje

Ọdún mọ́kànlá ni Mákindé fi ṣe olóòtú *Ẹ Gbọ́ Ná*, ìwé ìròyìn àwọn Yorùbá ní Mississauga, ní Kánádà, kò sì sí ọdún kan tí wọn kò bá a jà. Gáréèjì ilé rẹ̀ ni ọ́fíìsì. Òun ni olóòtú, òun ni akọ̀ròyìn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ lẹ́tà sí olóòtú, òun náà ní í kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní dókítà kì í ṣe dókítà. Ó kọ iye ìṣẹ́jú tí pásítọ̀ fi pẹ́ dé ìsìn Àjíǹde. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́rin.

"Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un," ló máa ń wí, "ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olóòtú ni wọ́n ń fọ́, wọ́n á tún na òun fúnra rẹ̀ lójú pópó. Èmi, wọ́n kàn remove mi. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú mi."

Adékànmí nìkan ni kì í bá a jà. Ilé ìkẹ́rùsí ní Milton ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, gáréèjì ni ẹ ó ti bá a, tó ń ká ìwé ìròyìn sí méjì, etí ìwé kò ní yọ sí etí. Ọkọ̀ ara rẹ̀ ló fi ń pín in dé àwọn ṣọ́ọ̀bù. Tíì nìkan ló ń gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kọ nípa tèmi lọ́jọ́ kan."

"Kí lo ṣe tí n ó kọ? Ìwọ tó ń dúró níwájú iná pupa níbi tí kò sí ọkọ̀."

Ní oṣù kẹwàá, Tóbilọ́ba, ọmọ ẹ̀gbọ́n Adékànmí, fi fọ́tò ìyá àgbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mákindé láti Ìbàdàn. Màmá Adékànmí ti kú. "Uncle, wọn ò tíì sọ fún Uncle Kànmí o. Àwọn àgbà ìjọ á lọ bá wọn ní Sunday."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. A kì í ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ọmọ olóòkú. Àgbàlagbà á lọ bá a nílé, wọ́n á rí i pé ó ti jẹun, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ po kí wọ́n tó túfọ̀. Mákindé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣírò pé ìwé kì í dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé kí ó tó di Monday. Ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa kọ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé keje. Ó ro ti gbogbo òǹkàwé. Kò ro ti ẹni tó ń ká ìwé.

Ní Sátidé, Adékànmí ti ká tó igba kí ọ̀kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ṣí sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún yín ní fọ́tò màmá mi?"

Mákindé nawọ́ láti gba ìwé náà. Adékànmí kà á tán.

"Ọjọ́ wo lẹ gbọ́?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́bọ̀ la sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ dá mi lẹ́rìn-ín."

Ó jókòó, ó ká ọgọ́rin tó kù, etí kò yọ sí etí. Ó tò wọ́n sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò kó wọn sínú ọkọ̀. Ó lọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Mákindé tọrọ àforíjì lójú ìwé àkọ́kọ́, nígbà àkọ́kọ́ nínú ọdún mọ́kànlá. Àwọn tó yọ ọ́ kúrò ní WhatsApp pè é pé kò tíì kọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó mú ẹ̀dà kan lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Milton. Ọlárónkẹ́, ìyàwó Adékànmí, ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti ka èyí?"

"A kì í ka ìwé ìròyìn nílé yìí mọ́, sà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Mákindé fúnra rẹ̀ ló ká ti oṣù Disẹ́ńbà, òun náà ló pín in. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọlọ́jà gbé ọ̀kan sókè, ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ wọ́. Àbí ẹ̀rọ yín bàjẹ́ ni?"

Olóòtú tó ń tú àṣírí gbogbo ayé wo ìdì ìwé náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ẹ̀rọ ló bàjẹ́."