Bàtà Bàbá Mi Lórí Ọkọ̀ Òkun

Ọjọ́ tí a rí bàtà bàbá mi lórí ọkọ̀ òkun, tí a kò rí àwọn fúnra wọn, ni n kò lè gbàgbé láyé mi.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí èmi àti àwọn òbí mi kúrò ní Durumi, ní Àbújá, tí a lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan. Lọ́jọ́ kejì, omi nìkan ni a ń rí. Ara tu gbogbo èèyàn àfi ìyá mi, tí ẹ̀rù omi ń bà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a wá bàbá mi títí. Bàtà wọn nìkan ni a rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin etí ọkọ̀.

"Alhaji o!" ni ìyá mi pariwo. Wọ́n yíjú sí mi: "Sikirat, bàbá ẹ ò mọ̀wẹ̀ o!"

Mo di irin náà mú, mo ń wo ìgbì.

Lójijì, a gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn àwọn àga tí wọ́n tò jọ: "Subhanallahi!" Ohun tí ẹni tó ń kírun máa ń wí nìyẹn bí wọ́n bá ń pè é.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n ní, "Ìyá Sikirat, ṣé o ti sọ ara ẹ di opó ni?"

Ìyá mi forí kanlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́, èmi náà sì forí kanlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ "Subhanallahi" lẹ́nu bàbá mi, ara mi á rọlẹ̀. Alhamdulillahi, wọ́n ṣì ń wí i.