Kókó Ìkẹyìn Àwọ̀n

Bí mo bá ti gbóòórùn ẹja yíyan lára okùn tútù, Okrika ni ọkàn mi ń lọ. Bàbá mi, ọlọ́pàá ní Port Harcourt, ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá arúgbó kan ń hun àwọ̀n fún ọmọ rẹ̀ apẹja. Nígbà tó wọlé lọ bu omi fún wa, mo rí i pé ó ku kókó kan péré. Mo bá ta á.

Ó dé, ó fi pijin ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó ni àwọ̀n ló máa ń ta kókó ìkẹyìn.

"Im go soon come," ló wí, pé ọmọ òun ò ní pẹ́ dé.

Bàbá mi tẹrí ba. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé ogun abẹ́lé ti pa ọmọ náà kí a tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìyá arúgbó náà tú kókó mi jẹ́jẹ́, ó ní mo mọ̀ ọ́n ta, ó sì fi ẹnu okùn náà sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀.