Ọ̀rọ̀ Tí Veronica Kò Sọ

Láti ìgbà tí Ignatius Ọbayẹmí ti kú sẹ́wọ̀n ni ìyàwó rẹ̀, Veronica, kò ti sọ̀rọ̀ láwùjọ mọ́. Búrẹ́dì ló ń yan lẹ́yìn ilé wọn l'Ọ̀wọ̀. Àwọn oníbàárà á wá, á kí wọn, á tà fún wọn, ó tán. Bí wọ́n bá ti mẹ́nu ba ìjọba pẹ́nrẹ́n, á kọjú sí ààrò rẹ̀ bí ẹni tí iná ń pè.

Tíṣà ni Ignatius, ọmọ ìjọ Àgùdà. Lọ́dún 1953, ó dúró lọ́jà Imoru, ó ní owó orí tí wọ́n bù fún àwọn àgbẹ̀ ti pọ̀ jù, pé àwọn tó bù ú kò mọ oko yàtọ̀ sí ààtàn. Veronica wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi wá mú un, wọ́n ní ó ń ru ará ìlú sókè sí ìjọba. Fẹ̀sọ̀jayé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ni wọ́n pè wá jẹ́rìí. Fẹ̀sọ̀jayé gbé Bíbélì lọ́wọ́, ó ní lóòótọ́ ni ọ̀rẹ́ òun sọ̀rọ̀ owó orí, ṣùgbọ́n pé Ignatius tún ní kí àwọn èèyàn lọ dáná sun kóòtù.

Gbólóhùn yẹn kò jáde lẹ́nu Ignatius. Veronica dìde láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ wò ó láti ibi tí àwọn ẹlẹ́jọ́ ń dúró sí, ó mi orí. "Jókòó," ó ní. "Ta ni yóò tọ́ Theresa?" Theresa ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Veronica jókòó. Ibà ló pa Ignatius kó tó parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

Ignatius a máa wú ikọ́ kékeré kan kó tó sọ̀rọ̀. Ikọ́ yẹn kò bá a lọ. Bí Veronica bá ń po ìyẹ̀fun lọ́sàn-án gangan, á gbọ́ ọ láti inú pálọ̀, ikọ́ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Á dáwọ́ dúró, á máa retí. Ọ̀rọ̀ náà kì í wá. Ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀ lé ikọ́ náà ló ń bà á lẹ́rù ju ikọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún 1959 ń lọ sópin, káńsù fẹ́ mú igbó ọba gbòòrò. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi lóko Upenmen, abúlé kan nítòsí Ọ̀wọ̀; oko tí àmì bá ti wọ̀, olóko kò ní í dá a mọ́. Oko ẹ̀gbọ́n Veronica wà lára wọn. Ti àwọn ará káńsù kò ní àmì kankan, Fẹ̀sọ̀jayé sì ti di ọ̀kan nínú wọn. Àwọn obìnrin Upenmen wá bẹ Veronica pé òun ló mọ̀wé díẹ̀, kó bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó ní òun á rò ó.

Ọ̀dọ̀ Ọlámúyìwá ló lọ, lọ́yà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Àkókó. Láti kékeré ló ti ń jẹ búrẹ́dì Veronica.

"Wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin àgbà ilẹ̀ wa, Màmá," ni Ọlámúyìwá wí. "Ẹ lè sọ pé ohun tí káńsù ṣe kò dára. Ẹ lè ní kí wọ́n nu ọ̀dà wọn kúrò. Kò sí ẹni tó yẹ kó tì yín mọ́lé nítorí ìyẹn."

"Ṣé mo lè sọ ohun gbogbo nìyẹn?"

"Rárá o. Ẹ ò lè ní kí wọ́n lọ fọ́ orí ẹnikẹ́ni. Ẹ ò sì lè ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ láìní ẹ̀rí. Òfin kan náà ló ń ṣọ́ ẹnu yín àti orúkọ tirẹ̀."

Veronica bi í léèrè: "Bí mo bá sọ pé irọ́ Fẹ̀sọ̀jayé ló pa ọkọ mi ńkọ́?"

Ọlámúyìwá mi orí. "Ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá sọ lọ́jà. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn Fẹ̀sọ̀jayé? Bó bá ṣi í gbọ́ ńkọ́? Kóòtù ti gba ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní apààyàn níta gbangba, á pè yín lẹ́jọ́, ó sì lè jàre yín."

"Òfin yín ṣí mi lẹ́nu," ni Veronica wí, "ó wá di ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ jáde."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Fẹ̀sọ̀jayé jókòó síwájú. Veronica dìde láti sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ oko tí wọ́n kùn, ó dárúkọ èyí tí wọ́n fò, ó ní bí káńsù bá ń fẹ́ igbó, kó bẹ̀rẹ̀ lára oko tirẹ̀. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ bá ti Fẹ̀sọ̀jayé pàdé, ọ̀rọ̀ irọ́ tó pa ọkọ rẹ̀ sì dé ẹnu rẹ̀. Nígbà náà ló gbọ́ ikọ́ Ignatius lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó yíjú padà. Ògiri ló rí.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan nínú mi," ó ní, "mi ò ní í sọ ọ́ níbí." Ó jókòó.

Ọlọ́pàá mú un lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní òun náà ń ru ará ìlú sókè. Kóòtù tí wọ́n ti dájọ́ ọkọ rẹ̀ náà ni wọ́n gbé e lọ. Ọlámúyìwá ní kí ọlọ́pàá tọ́ka sí ibi tí obìnrin yìí ti ní kí ẹnikẹ́ni ṣe jàgídíjàgan. Wọn kò rí i. Májísíréètì ní ẹni tó fi àṣìṣe ìjọba hàn án kí ó lè tún un ṣe kò dẹ́ṣẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé.

Níta, Veronica kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé òfin yìí kò tíì sí nígbà ti Ignatius ni?"

"Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà," ni Ọlámúyìwá wí pẹ̀lẹ́. "Ọ̀rọ̀ owó orí nìkan kì bá tí rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ti iná yẹn ni."

Gbólóhùn kan ṣoṣo. Veronica rìn délé láìmọ ọ̀nà tó gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fẹ̀sọ̀jayé wá sí ìdí ààrò. Ó ti rù. "Ìyá Theresa, ọ̀rọ̀ wo lo gbé mì lọ́jọ́ ìpàdé?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Sọ ọ́ wàyí. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́."

"Ṣé Ignatius ní kí wọ́n sun kóòtù?"

Fẹ̀sọ̀jayé kọjú sí iná ààrò. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́," ó ní. "Mi ò wá mọ̀ mọ́, bóyá Imoru ni mo ti gbọ́ ọ, tàbí inú kóòtù, láti ẹnu ara mi."

Veronica ti fi ọdún púpọ̀ to èébú jọ de ọkùnrin yìí, kò wá rí ọ̀kan mú jáde nínú wọn. Fẹ̀sọ̀jayé dúró bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Nígbà tí kò rí i gbà, ó lọ.

Káńsù tún ilẹ̀ wọ̀n. Wọ́n dá àwọn oko kan padà. Ti ẹ̀gbọ́n Veronica kò sí lára wọn. Kó tó di ọdún tuntun, Fẹ̀sọ̀jayé kọ̀wé fi káńsù sílẹ̀, ó kó lọ sí Imeri. Nígbà tí ìpàdé mìíràn tún dé, àwọn obìnrin Upenmen wá pe Veronica. Ó fọ ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó wé gèlè, ó bá wọn lọ.